Sìmẹ́ńtì tí bàbá mi fi rẹ́ ògiri

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ keje tá a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe ilé wa ní Òkè-Àrẹ.

Òjò rọ̀ lóru àná. Oṣù Kẹjọ ni òjò Ìbàdàn máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi dúró di àsìkò yìí ká tó ṣí òrùlé. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni mo gbọ́ ọ lórí páànù ilé tí mò ń gbé ní Mọ́níyà, oorun dá lójú mi pátápátá. Tapólì lásán la fi bo yàrá méjèèjì tó wà lókè, ilẹ̀ sì ti ṣú nígbà tí wọ́n ń so ó lápá ẹ̀yìn.

Kí n tó dé Òkè-Àrẹ láàárọ̀, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òkè, ti gbá omi kúrò nílẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tán. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀, wọn ò kó kúrò nínú ilé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí wọ́n fi ní, "Àbẹ̀kẹ́, rọra mí. Ògiri ò wó."

Ògiri ò wó lóòótọ́. Ibi tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ lápá ẹ̀yìn ni omi fọ lọ, iṣẹ́ odidi ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó sórí àpò yanrìn, mo sunkún díẹ̀ kí àwọn lébìrà tó dé.

Ọ̀rọ̀ ògiri yìí ló gba gbogbo oṣù yìí lọ́wọ́ mi. Amọ̀ ni ilé wa, nísàlẹ̀ àti lókè. Lọ́dún 1929 tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mapó, bàbá bàbá mi ti ń gbé nínú yàrá ìsàlẹ̀; bí wọ́n ṣe máa ń ka ọjọ́ orí ilé náà fún wa nìyẹn. Nígbà tí Omíyalé ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, tí odò Ògùnpa kún tó gbé ilé gbé èèyàn lọ, àwa wà lórí òkè, odò ò dé ọ̀dọ̀ wa. Àgbàrá ló fọ ìdí ògiri wa. Bàbá mi wá owó níbi tí wọ́n ti rí i, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ara ilé níta. Ọmọdé ni mí, wọ́n gbé mi sókè kí n fọwọ́ kan ibi tó ti gbẹ. Wọ́n ní omi ò tún lè rí ilé yìí mú mọ́ láyé.

Omi mú un. Amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, bó bá sì rí atẹ́gùn, á tú u sílẹ̀, á gbẹ. Sìmẹ́ńtì ò jẹ́ kó tú u sílẹ̀. Èyí tó ń gba ojú ibi tó sán wọlé lójoojúmọ́ òjò, òun náà ò ríbi jáde. Fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ara ògiri le bí òkúta níta, inú rẹ̀ sì ń rọ̀. A ò mọ̀. Aláǹgbá kan ni mo rí tó ń wọ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ, tí mo fi lọ fọwọ́ gbá ibẹ̀. Ó dún bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti dẹ̀.

Bíríkìlà tá a kọ́kọ́ pè ní ká wó o, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì tó wà l'Ékòó gbà fún un lórí fóònù, èmi náà ti ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ìyá Òkè ló ránṣẹ́ pe bàbá kan ní Òjé. Wọ́n dé, wọ́n ti ìka bọ ojú ibi tó sán, wọ́n fi amọ̀ náà sórí ahọ́n, wọ́n tu ú dànù. "Kò sóhun tó ṣe ilé yìí, ọmọ mi. Ẹ̀wù tí ò gba atẹ́gùn lẹ fi wọ̀ ọ́."

Ó dùn mí láti máa wo sìmẹ́ńtì yẹn bó ṣe ń já lulẹ̀. Ìfẹ́ ni bàbá mi fi rẹ́ ẹ, gbèsè ni wọ́n sì fi rà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ègé sìmẹ́ńtì ńlá kan ṣí kúrò lára ògiri iwájú bí èèpo, amọ̀ pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbẹ dáadáa, ipa ìka mẹ́rin sì wà lára rẹ̀, tí wọ́n fà lọ sápá ọ̀tún títí wọ́n fi dé etí fèrèsé. Mo fi ìka tèmi sínú rẹ̀, ó gbà wọ́n. Ìyá Òkè ní àwọn obìnrin ilé ló máa ń pa ògiri nígbà náà, amọ̀ kíkúnná àti ìgbẹ́ màlúù. Ìyá wọn wà lára wọn. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́.

Bàbá Òjé ń gé ibi tó ti rọ̀ jáde, wọ́n ń fi amọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ dí i ní ipele ní ipele. Ipele kan ò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Kò ṣeé kánjú. A ti gbẹ́ gọ́tà yí ẹ̀yìn ká kí àgbàrá má bàa tún gba ìdí rẹ̀ mọ́. Ojú oórì bàbá bàbá mi wà lọ́ọ̀dẹ̀, kò sì sí lébìrà kan tó gbé ẹrù lé e láti ọjọ́ kìn-ín-ní, mi ò sì kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Òrùlé ló ń jẹ mí lówó. Ìrókò tí wọ́n fi gbé àjà láti ìbẹ̀rẹ̀ le síbẹ̀. Arère tí wọ́n fi pààrọ̀ àwọn igi òkè lẹ́yìn náà ni ikán jẹ di ìyẹ̀fun. Páànù tó nípọn tó 0.55 mílímítà la sì san owó rẹ̀, nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, 0.45 ni. Ẹni tó tà á ní a ti gé e, òun ò ní gbà á padà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá ti wà ní Bódìjà kí aago méje tó lù, bóyá owó tó kù lọ́wọ́ mi á ra igi apá fún yàrá kan, ó kéré tán. Bàbá Òjé ti tún bẹ̀rẹ̀ ògiri ẹ̀yìn láti ìpele kìn-ín-ní, wọn ò ráhùn.

Kí n tó kúrò níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo gun àkàbà fúnra mi lọ so tapólì náà lápá ẹ̀yìn, ìdè méjì-méjì. Ìyá Òkè di àkàbà mú nísàlẹ̀ títí mo fi sọ̀.