Omi tó ń sun lára gíláàsì kámpà

Bí a bá sùn nínú kámpà, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, gíláàsì iwájú á ti tutù rinrin kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á sì máa ṣàn wá sórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ náà á gun òrùlé lọ, á máa wá ibi tó ń jò. Ọkọ̀ ò jò. Inú ọkọ̀ gan-an ni omi náà ti wá: èémí ẹni tó sùn, ooru ìkòkò, táwẹ̀lì tútù tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, àti gáàsì tí wọ́n fi dáná.

Ti gáàsì yìí ló máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Bí gáàsì propane tó wọn kílò 1 bá jó tán, omi tó ń ti ara iná náà jáde ju kílò 1.6 lọ. Ojú sítóòfù kan lè jó nǹkan bí gíráàmù 100 láàárín wákàtí kan. Ìyẹn ni pé omi tó kún ife kékeré kan ti fò sínú afẹ́fẹ́, a ò tíì ka ooru ìkòkò mọ́ ọn. Nínú ilé ńlá, ẹnì kankan ò ní mọ̀. Nínú kámpà, ibi tó bá tutù jù ló máa lọ bà sí: gíláàsì, irin ilẹ̀kùn, abẹ́ fóòmù.

Abẹ́ fóòmù ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Gíláàsì hàn sójú, aṣọ gbígbẹ kan ti tó fún un. Ṣùgbọ́n bí fóòmù bá sùn tààrà lórí pákó, ara èèyàn gbóná lókè, pákó tutù nísàlẹ̀, ọ̀rinrin á há sáàárín. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmì dúdú wínníwínní á ti yọ, fóòmù á ti bu, òórùn rẹ̀ ò sì ní kúrò mọ́. Orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àlàfo láàárín ló yẹ kó wà, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá jí, ẹ gbé e nàró fún bí wákàtí kan kí ẹ tó tẹ́ ẹ padà.

Òtútù máa ń mú káwọn èèyàn dí gbogbo ihò ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé òrùlé ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ ṣí òmíràn díẹ̀ nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibì kan wọlé, kó sì gba ibòmíràn jáde. Ní ti ihò tí wọ́n dá sí ilẹ̀ ọkọ̀ nítòsí sítóòfù àti sílíńdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àkísà dí i láé. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; bó bá jò, ilẹ̀ ló ń lọ, ihò yẹn ló sì máa fi jáde. Ẹ má sì fi sítóòfù yáná. Bí afẹ́fẹ́ iná náà ò bá tó, gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ló máa tú síta: kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Ẹ ra alámù rẹ̀, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbéra. Hítà tó bójú mu ni èyí tí páìpù ń gbé èéfín rẹ̀ lọ síta, nítorí omi inú iná náà á bá èéfín lọ.

Ohun tí a ń sè náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ tí à ń sè nínú kámpà. Ẹ sè é nílé, ẹ pín in sínú ike, kó dì nínú fíríísà. Ẹ din ata nílé pẹ̀lú, torí òórùn ata àti òróró tó bá ti wọ kọ́tìnì àti fóòmù kì í jáde bọ̀rọ̀. Ẹ̀bà ni mo gbà pé ó yẹ kámpà jù: kẹ́tùlù kan hó, ó parí. Ọbẹ̀ tó ti jinná láti ilé, ẹ kàn gbé e kaná díẹ̀, kí ìdérí má kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ rántí pé sílíńdà búlúù, ìyẹn butane, kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ bí òtútù bá ti sún mọ́ òdo dígírì. Gáàsì á wà níbẹ̀, iná ò ní jó. Sílíńdà pupa, propane, ni ti ìgbà òtútù.

Omi inú páìpù ló máa ń náni lówó jù. Omi tó di yìnyín ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, pọ́ńpù àti tápù ló sì ń kọ́kọ́ là. Bí ẹ ò bá ní lo ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, ẹ pa bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, kó tutù. Ẹ ṣí gbogbo tápù, ti gbígbóná àti ti tútù; tápù ọlọ́wọ́ kan, ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sí àárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á kù sí apá kan. Ẹ ṣí ẹnu ìdà-omi bọ́ílà, ti táǹkì omi mímu àti ti omi ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí pọ́ńpù ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó ti èyí tó ṣẹ́ kù jáde, lẹ́yìn náà ẹ pa súìṣì rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé súìṣì yìí nígbà tí tápù wà ní ṣíṣí, pọ́ńpù lè máa yí lásán títí bátìrì á fi kú. Ẹ gbé orí ṣáwà sílẹ̀, ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù. Ẹ yọ fílítà. Kí tápù wà ní ṣíṣí títí òtútù á fi lọ.

Àwọn bọ́ílà kan tí ilé iṣẹ́ Truma ṣe ní ẹnu tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí òtútù bá ti tó nǹkan bí dígírì 3, tí á da gbogbo omi sílẹ̀. Ẹni tó bá adágún omi lábẹ́ ọkọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe; ó sì di ìgbà tí ibẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí dígírì 7 kó tó gbà kí wọ́n tì í padà.

Nígbà tí ẹ bá máa lo ọkọ̀ náà padà, ẹ fi bílíìṣì tí kò lóòórùn dídùn fọ táǹkì: mílílítà 1 sí lítà omi kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó dé gbogbo tápù, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ti gbogbo tápù, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Bí pọ́ńpù bá ń dún fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣí tápù, ibì kan ń jò. Ẹ gbé àwọn àga kúrò, ẹ fi bébà ìnujú gbígbẹ kan ìdí ìsopọ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú bébà tutù ni kí ẹ tún ṣe.