Awọ A Máa Pa Dé Kí Inú Tó Jinná: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Ìtọ́jú Ọgbẹ́ Iṣẹ́ Abẹ

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ìbéèrè tí àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn sì máa ń bi mí jù lọ ni pé, "Ṣé ó ti jinná?" Ojú ọgbẹ́ ni wọ́n máa ń wò bí wọ́n bá ń béèrè. Bí etí ọgbẹ́ méjèèjì bá ti lẹ̀ mọ́ra, tí ẹ̀jẹ̀ kò jáde mọ́, tí kò sì ro wọ́n bíi ti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé awọ ló máa ń kọ́kọ́ pa dé nígbà tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àti pé àsìkò tí òde ti dára tí inú kò tíì dára yìí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣọ́ra jù.

Òwú tí wọ́n fi ń rán ọgbẹ́ kì í wo ọgbẹ́ sàn. Ó kàn ń di etí ọgbẹ́ mú ni, kí ara lè rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, agbára tí ọgbẹ́ fúnra rẹ̀ ní kì í tó ìdá 10 nínú 100 agbára awọ tí abẹ kò kàn, nítorí náà òwú ló ń gbé ẹrù náà. Nígbà tí yóò bá fi di nǹkan bí oṣù 3, agbára náà lè tó ìdá 80 nínú 100, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀, torí pé àpá kì í lágbára tó awọ tí a bí mọ́ni. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ abẹ fi máa ń yan òwú gẹ́gẹ́ bí ibi tó fẹ́ rán. Bí wọ́n bá la ikùn, awọ líle kan wà lábẹ́ ọ̀rá tó jẹ́ òun ni igi lẹ́yìn ọgbà fún gbogbo ohun tó wà nínú ikùn. Òwú tó ń pẹ́ nínú ara, bíi polydioxanone tó ń gbà tó nǹkan bí oṣù 6 kí ara tó jẹ ẹ́ tán, ni wọ́n sábà máa ń fi rán an. Polyglactin, òwú mìíràn tí ara ń jẹ, ní tirẹ̀ ń parẹ́ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 56 sí 70, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Nylon àti sílíìkì tí wọ́n fi rán awọ lókè kì í yọ́, àfi kí ẹnìkan yọ wọ́n.

Àwọn ẹbí aláìsàn máa ń rò pé bí wọ́n bá ṣe fa òwú le tó ni ọgbẹ́ yóò ṣe jinná tó. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. Ọgbẹ́ máa ń wú ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, òwú tí wọ́n fà jù yóò sì dà bí òwú tí ènìyàn so mọ́ ìka títí ìka náà fi dúdú: ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé etí ọgbẹ́, ẹran ibẹ̀ yóò kú, ọgbẹ́ yóò sì tún ṣí. Kí etí méjèèjì fara kan ara wọn pẹ̀lẹ́ ti tó.

Nígbà mìíràn sì rèé, dókítà kò ní rán ọgbẹ́ rárá, aláìsàn yóò sì máa rò pé wọ́n pa òun tì. Ọgbẹ́ tó dọ̀tí, èyí tí ẹranko tàbí ènìyàn gé jẹ, tàbí ibi tí ọyún ti wà tẹ́lẹ̀, bí a bá yára pa á dé, inú rẹ̀ la ti kòkòrò àìfojúrí mọ́. Wọ́n lè fọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì bò ó, kí wọ́n sì tó rán an lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 5 tó bá mọ́. Wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ kí ó kún láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Irú èyí máa ń pẹ́, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Ẹran pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń hù nínú rẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bí gọ́ọ̀sì bá fọwọ́ kàn án, àmì rere ni.

Yíyọ òwú ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ní wọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé àwọn ènìyàn máa ń kánjú jù tàbí kí wọ́n fi falẹ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ní ojú, ó sì ń tètè jinná, nítorí náà a máa ń yọ òwú ojú láàárín ọjọ́ 3 sí 5 kí àmì òwú má bàa kù síbẹ̀. Ti orí máa ń tó ọjọ́ 7 sí 10. Ti ẹsẹ̀, ti ẹ̀yìn, àti ti oríkèé ara tó ń ká tó ń nà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14, bóyá kí ó lé díẹ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ rẹ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ òwú títí yóò fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi ẹ̀mú kékeré di kókó òwú mú, màá gbé e sókè díẹ̀ kí òwú mímọ́ tó wà lábẹ́ awọ lè yọjú bíńtín, ibẹ̀ gan-an ni màá ti gé e, màá sì fà á síhà ojú ọgbẹ́. A kì í gé e níbi tó bá ṣáà ti wù wá, nítorí pé apá òwú tó ti wà níta láti ọjọ́ yìí wá ti kó kòkòrò. Bí a bá fà á gba abẹ́ awọ kọjá, a ti fi ọwọ́ ara wa gbin àrùn. Màá yọ ọ̀kan, màá fo ọ̀kan, màá sì wò ó bóyá etí ọgbẹ́ dúró. Bí ó bá fẹ́ là, mo ń dáwọ́ dúró, màá ké sí dókítà. Ẹ jọ̀wọ́, èyí kì í ṣe iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì ilé.

Pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ àti àtè tí wọ́n fi ń lẹ awọ pọ̀ kò ní wàhálà púpọ̀: ẹ má ṣe ṣí i, ẹ má sì fi ìpara pa àtè náà, nítorí ìpara máa ń jẹ́ kí ó tètè ṣí. Òun fúnra rẹ̀ yóò rẹ̀ dànù láàárín ọjọ́ 5 sí 10.

Ní ti omi, báńdéèjì àkọ́kọ́ kò yẹ kí ó kúrò fún wákàtí 48, àyàfi tó bá rin gbingbin tàbí tí dókítà bá ní kí a ṣí i. Lẹ́yìn èyí, omi tó ń ṣàn wálẹ̀ lára kì í ṣe ọgbẹ́ tí a rán dáadáa ní ohunkóhun, bí dókítà kò bá ti sọ ohun mìíràn. Kí ènìyàn jókòó sínú omi tàbí kí ó lúwẹ̀ẹ́ ni kò dára títí yóò fi jinná. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má ṣe fi ra á. Sípíríìtì, haidirójìn pẹ́rọ́sáìdì àti ẹ̀tù oríṣiríṣi tí wọ́n ń dà sí i máa ń pa ẹran tuntun tó ń hù.

Mo ṣì máa ń gbọ́ pé ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ sọyún kí ó tó jinná. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ìgbà àtijọ́ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, títí oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Joseph Lister fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo carbolic acid, oògùn apakòkòrò kan, sí ọgbẹ́ ní ìlú Glasgow ní Scotland ní ọdún 1865, tí ó sì hàn pé ọgbẹ́ lè jinná láìsí ọyún rárá. Kí ó pọ́n díẹ̀ létí, kí ó wú díẹ̀, kí ó máa yún ni, kò burú. Ṣùgbọ́n bí pípọ́n náà bá ń ràn kálẹ̀, tí ibẹ̀ gbóná, tí ìrora tó ti ń dín kù tún ń le sí i, tí ó ń rùn, tàbí tí ibà dé, ẹ padà lọ. Àkóràn ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ lè yọjú títí di ọjọ́ 30. Bí wọ́n bá fi irin tàbí ohun mìíràn sínú ara, ó lè tó ọjọ́ 90.

Ohun kan wà tí kì í jọ ewu lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ọgbẹ́ ikùn tó ti gbẹ bá ṣàdédé ń da omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀, pàápàá láàárín ọjọ́ 5 sí 10, ó lè jẹ́ pé awọ líle inú lọ́hùn-ún ti ń já nígbà tí òwú òde ṣì wà níbẹ̀ digbí. Kí aláìsàn dùbúlẹ̀, kí ó ká orúnkún, kí ó má jẹ, kí ó má mu, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Bí ìfun bá yọ jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tì í padà; gọ́ọ̀sì mímọ́ tí a fi omi iyọ̀ rẹ ni kí a fi bò ó.

Nítorí ìbẹ̀rù pé ọgbẹ́ lè já, àwọn kan kì í fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ gbọọrọ ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì kó sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí dókítà bá ti gbà á láyè, kí ènìyàn dìde jókòó, kí ó rìn díẹ̀, kí ó máa mí kanlẹ̀. Bí ikọ́ bá fẹ́ wá, kí ó di ìrọ̀rí mọ́ ojú ọgbẹ́ kí ó tó wú u. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń dunni, tàbí bí èémí bá ṣàdédé ń ṣòro, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ìrìn dára, ẹrù gbígbé ni kò dára. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá ní ikùn, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ènìyàn yàgò fún ohun tó wúwo, ọmọ gbígbé sì wà lára rẹ̀, bí ojú ọgbẹ́ ìbáà tilẹ̀ ti dán.

Sìgá ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ sì ń dí ìjinná lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ń bọ̀, kí ó jáwọ́ nínú sìgá ní ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ náà.

Kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè irú òwú tí wọ́n fi rán yín, ọjọ́ tí wọn yóò yọ ọ́, àti nọ́ńbà tí ẹ lè pè lóru, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti pàdé ẹni tó ń retí kí nylon yọ́ fúnra rẹ̀, tí awọ sì ti hù bo apá kan òwú náà kí ó tó wá bá wa. A ní láti tún la awọ náà díẹ̀ kí a tó rí i yọ.