Ata rodo mi kún fún ewé, kò so

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 2019 ni mo kọ́kọ́ gbin ata rodo sí ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Kàbbà. Ìdí 24 ni mo lọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, 18 ti kú nínú wọn. Ọ̀dá kọ́, kòkòrò kọ́. Oúnjẹ tí mo fún wọn ló pa wọ́n.

Mo ra àpò ìgbẹ́ adìẹ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin adìẹ nítòsí wa. Tútù ni, òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Mo bù ú ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, mo kó o ti ìdí ata gbágbáágbá. Lọ́jọ́ kejì, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń ká kò bí ìwé tí iná rà. Nígbà tí mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sí funfun kankan lára rẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó irúgbìn, nítorí agbára tó wà nínú rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sá fún ìgbẹ́ adìẹ pátápátá, mo ra yúríà, fàtíláísà oníhóró funfun. Ata mi ga dé ìbàdí, ewé rẹ̀ gbòòrò, ó dúdú mìnìjọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń yìn ín, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ kò tó nǹkan, èyí tó bá sì yọ a tún rẹ̀ dànù. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìyàrà, wọ́n yí ọgbà náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní:

"Ìyàwó mi, ewé rẹ dára. Ata rẹ̀ dà?"

"Màmá, ó máa tó so."

"Èyí tó ń hù lórí ààtàn ilé wa, ta ló ń ra nǹkan fún un?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo lọ kí wọn, orí ààtàn ni mo kọ́kọ́ lọ. Èèpo iṣu, eérú ààrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ewé gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ ti jẹrà pọ̀ di erùpẹ̀ dúdú tó rọ̀ lọ́wọ́. Ata kan wà níbẹ̀ tó so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ti tẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Nínú 100 yúríà, 46 ni nitrogen, ewé àti igi sì ni nitrogen máa ń mú dàgbà. Kò sí potash nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ èso ń fẹ́ potash. Eérú ààrò ní in.

Láti ìgbà náà, mo ń ṣe ààtàn tèmi. Mo tẹ́ ewé gbígbẹ, mo da ìgbẹ́ adìẹ lé e, mo tún fi ewé bò ó, mo wọ́n omi sí i títí á fi tutù bí aṣọ tí a fún. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, ẹ ti irin gígùn bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ. Á gbóná débi pé ẹ kò ní lè dì í mú pẹ́. Ooru yẹn ni ì bá wà ní ìdí ata yín! Mo ń yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ń tó oṣù méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Nígbà tí irin bá jáde ní tútù, tí òórùn bá ti lọ, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó ti jinná nìyẹn. Mo máa ń pò ó mọ́ ilẹ̀ ṣáájú kí n tó lọ́ ata, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Eérú, ẹ̀kúnwọ́ kan fún ìdí kan láàárín ọdún ti tó. Tó bá pọ̀ jù, á ba ilẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì pò ó mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ tútù, nitrogen inú wọn á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́.

Mi ò sọ pé fàtíláísà kò dára o. Mo ṣì ń lo NPK 15-15-15, fàtíláísà tó ní nitrogen, phosphate àti potash ní ìwọ̀n kan náà. Ìdérí ìgò mínírà kan fún ìdí kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo bá lọ́ ọ, òmíràn nígbà tí òdòdó àkọ́kọ́ bá yọ. Ibi tó yẹ kó wà ló ṣe pàtàkì jù: mo ń fi ìka mẹ́rin wọ̀n ọ́n kúrò lára igi ata, mo fi igi ha ilẹ̀ yíká bí òrùka, mo wọ́n ọn síbẹ̀, mo fi erùpẹ̀ bò ó, mo bomi rin ín. Bí òjò ńlá bá ṣú, mo máa ń dúró. Ilẹ̀ wa dagẹ̀rẹ̀, àgbàrá oṣù keje lè gbé gbogbo owó yẹn lọ sí ọgbà ẹlòmíràn.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ata bá rọ ni ebi ń pa á. Bó bá rọ lọ́sàn-án, tó tún jí lálẹ́, oòrùn ni. Ṣùgbọ́n tí ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n nígbà tí ti òkè ṣì tutù, ó ń bèèrè oúnjẹ.

Àbúrò mi tó wà ní Jos, níbi tí ojú ọjọ́ ti tutù, ń gbin strawberry sínú ike. Ohun kan náà ló rí: ó fún un ní yúríà, ewé ló kó jọ, ìwọ̀nba èso tó so rọ̀ jù. Gbòǹgbò strawberry kò jìn, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń fún un báyìí, kò sì jẹ́ kí ajílẹ̀ kan àárín gbùngbùn ibi tí ewé ti ń yọ.

Òdòdó àkọ́kọ́ ti yọ lórí ìlà méjì nínú ata mi láàárọ̀ yìí. Bí òjò kò bá ṣú lálẹ́, màá mú ìdérí mínírà mi jáde.