Ta ló ń lé wọn?

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ kan lánàá, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ o, èmi kàn wà nítòsí ni, etí mi sì gbọ́. Àwa tá a máa ń dá iye ìwé tá a fẹ́ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ, ló bá ní, "Ìwé tí wọ́n ń sáré kà yẹn, ta ló ń lé wọn?"

Mo fọṣọ lónìí, mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé, mo jẹun. Ta ló ń lé wọn.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí èṣí ṣe rí, ẹ mọ̀ pé ṣálẹ́ǹjì ìwé kíkà yìí ló dá ìwé padà sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí ò lè ka ojú ewé kan tán mọ́, tó wá rí nǹkan tó ń tì í lẹ́yìn, kí ló burú níbẹ̀? Kò burú rárá. Kí wọ́n máa lé wa lọ jàre.

Àmọ́ tí mo bá tún wo lísìtì àwọn ìwé tí mo ń kà... So Long a Letter ti Mariama Bâ, òǹkọ̀wé ọmọ Senegal, ló tín-ín-rín jù níbẹ̀, òun ló sì pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Ramatoulaye ń ṣe opó, ó ń kọ lẹ́tà sí Aïssatou ọ̀rẹ́ ẹ̀. Modou, ọkọ tó bí ọmọ 12 fún, ti lọ fẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ wọn obìnrin, ó sì pa ìyá àwọn ọmọ ẹ̀ tì títí tó fi kú. Ó wá di ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n olóògbé wọlé, ó jókòó, ó ní tó bá ti jáde opó òun lòun máa fẹ́ ẹ. Kò tiẹ̀ bi í léèrè! Obìnrin tó ti ń dákẹ́ láti ọdún yìí wá la ẹnu lójú ìmáàmù, ó ní òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Mo pa ìwé dé, mo tún ṣí i, mo tún ka ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lé mi lọ́jọ́ yẹn.

Ti Fágúnwà náà rí bẹ́ẹ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti 1938, ẹnu ni mo fi kà á sókè, torí tó o bá fojú sáré kà á, adùn ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, fúnra ẹ̀ ò sọ ìtàn ẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, ó sọ díẹ̀, ó lọ, ó padà wá lọ́jọ́ kejì, èrò sì ti pọ̀ sí i.

Nítorí náà òótọ́ lẹni yẹn sọ? Mi ò mọ̀ o. Torí Beloved ti Toni Morrison ńkọ́? Ìyá tó pa ọmọ ẹ̀ kí wọ́n má baà dá a padà sóko ẹrú, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí Margaret Garner, obìnrin kan tó sá kúrò lóko ẹrú, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1856 ló ti jáde wá. Ó wúwo, ó ń dùn mí láyà, ọwọ́ mi ti fẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀. Iye tí mo dá yẹn ló mú mi kà á tán, títí dòní mo ṣì ń dúpẹ́ pé mo kà á tán.

Bóyá ìbéèrè yẹn ò tiẹ̀ bí mi nínú, bóyá ẹ̀rù ló bà mí. Ìwé tó wà láyé pọ̀ ju ọjọ́ tí mo ní lọ, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé tí mo bá mọ̀ wọ́n mo máa fẹ́ràn wọn gan-an. 1979 ni Mariama Bâ kọ́kọ́ gbé ìwé jáde, ó gba ẹ̀bùn Noma tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà nígbà yẹn lọ́dún 1980, nígbà tó fi máa di 1981 ó ti kú, ìwé kejì ò tíì jáde. Méjì péré. Ó ṣe mí bíi kí n sunkún nígbà tí mo rí i.

Ìwé kejì yẹn ni mò ń wá báyìí, Scarlet Song lórúkọ ẹ̀ lédè òyìnbó. Kò sí lórí lísìtì mi, mi ò sì ní kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní in, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi.