Ohun tí mo kọ́ nídìí ìtàn Rudolf Kejì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtàn, nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé nípa Rudolf Kejì, tí ó jẹ olú-ọba Ilẹ̀ Ọba Róòmù Mímọ́ (àkójọ àwọn ilẹ̀ ní àárín Yúróòpù) láti 1576 títí di 1612, ìdájọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé wèrè ni, pé ó ti ara rẹ̀ mọ́ ààfin ní Prague, ó ń wá bí òjé yóò ṣe di wúrà nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́. Olùkọ́ mi kò bá mi jiyàn rárá. Ó kàn fa ìlà sábẹ́ “wèrè”, ó sì béèrè pé: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Ní 1606, àwọn àbúrò Rudolf àti àwọn ìbátan rẹ̀ péjọ ní Vienna, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí rẹ̀ kò pé mọ́, wọ́n sì fi àbúrò rẹ̀ Matthias ṣe olórí Habsburg, ìdílé ọba wọn. Ní 1608, Matthias kó ogun lọ sí ẹ̀bá Prague, ó gba Hungary, Austria àti Moravia lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1611, ó gba Bohemia, ilẹ̀ tí Prague wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú. Ẹni tí yóò jogún ló ń jẹ́rìí. Àwọn àgbà wa ti ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, mo sì ti dá ẹjọ́ náà láìmọ̀.

Èyí kò wẹ Rudolf mọ́. Ìbànújẹ́ ọkàn tí ó lágbára dé bá a lóòótọ́ ní nǹkan bí 1600, àwọn ikọ̀ ọba a sì máa dúró pẹ́ kí wọ́n tó fojú kàn án. Ó pa àdéhùn ìgbéyàwó tì títí tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Isabella ará Sípéènì, fi fẹ́ Albert, àbúrò Rudolf, ní 1599. Rudolf kò wá ní àrólé tí òfin mọ̀. Ogun tí ó ń bá àwọn Ottoman, ìjọba àwọn Tọ́kì, jà láti 1593 kò tíì parí nígbà tí ìnilára àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Hungary mú kí Stephen Bocskai, ọlọ́lá Hungary kan, dìde ọ̀tẹ̀ sí i ní 1604. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn àbúrò Rudolf ní ìdí, bí wọ́n tilẹ̀ ń jèrè níbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń pín abala ìwé kan sí ọ̀nà mẹ́ta, ogun, ẹbí àti iṣẹ́ ààfin, tí mo sì ń to ohun gbogbo sí abẹ́ ọdún tí ó ṣẹlẹ̀. Ọdún 1609 ló yà mí lẹ́nu jù. Ọdún náà ni àwọn ọlọ́lá Bohemia fi agbára gba ìwé òmìnira ìjọsìn lọ́wọ́ Rudolf. Ọdún náà gan-an ni Kepler, onímọ̀ ìṣirò ààfin rẹ̀, tẹ ìwé tí ó fi hàn pé ọ̀nà tí Máàsì, ọ̀kan lára àwọn plánẹ́ẹ̀tì, ń gbà yí oòrùn ká kì í ṣe òbírí pípé. Orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti fi wọ́n sí tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ọba méjì ni. (Owó iṣẹ́ Kepler kì í sábà dé lásìkò, ọba tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ náà máa ń jẹ gbèsè.)

Nínú ìwé tí mo fi lé olùkọ́ mi lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, “wèrè” kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tí mo kọ ni pé ní 1606, àwọn tí yóò jogún rẹ̀ fọwọ́ sí i pé orí rẹ̀ kò pé.