Fọ́ọ̀mù Tí Mi Ò Buwọ́ Lù

Láti ọjọ́ Ajé ni fọ́ọ̀mù náà ti wà nínú báàgì mi. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kàbà ti gbà láti yá mi ní ₦600,000 kí n fi ka másítà. Ọdún méjì ni n ó fi san án, tòun ti èlé.

Lánàá, mo bá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń yí kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oje rẹ̀ ti sọ ìka rẹ̀ di dúdú. Mo kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, "Ọ̀kún o, Ìyá." Ó dáhùn, kò gbójú sókè. Mo ṣàlàyé tán, ó ní: "Iṣẹ́ tí ìwé yẹn máa fún ẹ, ta ló ti ṣèlérí ẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Àbúrò mi ní yunifásítì ń jẹ owó àyálò ìjọba àpapọ̀, èyí tí òfin ọdún 2024 gbé kalẹ̀. Kò lélé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ (NYSC) tán kí wọ́n tó béèrè, 10% owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n sì máa yọ. Tèmi ńkọ́? Owó oṣù tíṣà tí mò ń gbà yìí náà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í já lóṣù tó ń bọ̀, kí n tó ka ojú ìwé kan.

Mo dá fọ́ọ̀mù padà láàárọ̀ yìí. Ó dùn mí wọra, torí mo fẹ́ràn ìwé. Ìyá mi ní tí òun bá ta kajú tọdún yìí, owó àpò kajú méjì nínú rẹ̀, tèmi ni, kí n máa fi tèmi kún un.