Ẹ Má Tún Ọ̀rọ̀ Màmá Kọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Bọ̀ Wá Ṣe TP (Ìdánrawò Iṣẹ́ Olùkọ́) ní Iléṣà

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ẹ má tètè kọ ìtumọ̀ ẹ̀ka-èdè sójú pátákó. Wọ́n á dà á kọ, wọ́n á sì gbàgbé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe dọkumẹ́ńtárì kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí àgbàlagbà kan máa sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà èwe wọn. Fóònù tiyín ti tó, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù wá. Kẹ́ ẹ ṣáà jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ má sì lọ gba ohùn sílẹ̀ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà lọ́jọ́ tí ọjà bá kún.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gan-an ni iṣẹ́. Àṣà àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí ni pé kí oníbèéèrè dákẹ́, kó sì máa wo ojú ẹni tó ń dáhùn. Ọmọ Yorùbá wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á máa jẹ́ "ẹ̀n-ẹ́n mà, bẹ́ẹ̀ ni mà" láìdánudúró, tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ ọ padà, ohùn ọmọ á ti bo ti màmá mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ní kí ọmọ pa ẹ̀kọ́ ilé tì. Àgbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ pé, "Màmá, bẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, orí nìkan la ó máa mì o, ẹ má rò pé a ò gbọ́." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti gbàyè lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun tí wọn ò fẹ́ kó jáde, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá kan orò ìdílé.

Bí àgbà bá ti rí kámẹ́rà, Yorùbá ìwé ni wọ́n máa ń fà yọ. William Labov, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ ní 1972: a fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a ò ṣọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ a ò lè mọ̀ láìṣọ́ ọ. Ọmọ tó ń fọ Ìjẹ̀ṣà nílé ni kó béèrè. Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé bá béèrè, Yorùbá Èkó ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Ẹ bi wọ́n nípa òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà àtijọ́, bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ṣe òwò yẹn kò ní rántí kámẹ́rà mọ́.

Ìgbà tí wọ́n bá ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fíìmù ni ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á gbọ́ "ulé", á kọ "ilé", á ní ulé kì í ṣe Yorùbá tó dáa. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Abíọ́dún Adétugbọ̀, tó pín ẹ̀ka-èdè wa ní 1967, kó Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sí àárín gbùngbùn, ó kó Ọ̀yọ́ sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Ti Ọ̀yọ́ ló sún mọ́ Yorùbá ìwé jù, torí òun ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, àtàwọn míṣọ́nnárì gbára lé jù. Bíbélì tí wọ́n parí ní 1884 ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ká ní ọmọ Iléṣà ló ṣe iṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ìlà méjì ni kí wọ́n kọ: ohun tí màmá sọ lókè, Yorùbá ìwé nísàlẹ̀. Nínú BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS, ṣá o, "ilé" ni kí wọ́n kọ.

Wọ́n á bi yín bóyá gígé fíìmù kì í ṣe irọ́ pípa. Ẹ sọ ti Robert Flaherty fún wọn. Nínú fíìmù tó gbé jáde ní 1922 nípa àwọn Inuit ní Kánádà, ó ní kí wọ́n kọ́ ilé yìnyín tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ó tún ní kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ ṣọdẹ nígbà tí wọ́n ti ń lo ìbọn. Àwọn ọmọ tèmi fara mọ́ ti ilé, wọ́n ní ti ọ̀kọ̀ ni irọ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gé ibi tí màmá ti ń wúkọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi "ilé" rọ́pò "ulé" ti gbé ọ̀kọ̀ lé wọn lọ́wọ́, mo sì máa ń gé máàkì rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìdílé náà lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó fi han kíláàsì. Ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ, ẹ yọ ọ́.